Al-Biruni àti Ìwé Àwọn Ará Íńdíà

Àwọn òbí kan ti bi wá léèrè bóyá ó tọ́ kí ọmọ kéwú máa ka ìwé ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Ìtàn Abu Rayhan al-Biruni la fi dá wọn lóhùn lọ́dún yìí.

Ọdún 973 ni wọ́n bí i ní Kath, ní ilẹ̀ Khwarazm, tó wà ní Usibẹkisítáànì òde òní. Mùsùlùmí ni, ògbóǹtagí nínú ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Ní 1017, Sultan Mahmud ti Ghazni gba Khwarazm, ó sì kó òun àti àwọn onímọ̀ mìíràn lọ sí Ghazni. A kò lè pè é ní àlejò, a kò sì lè pè é ní ẹrú.

Mahmud a máa gbógun lọ sí Íńdíà léraléra, a máa wó ilé òrìṣà, a máa kó wúrà bọ̀. Al-Biruni náà dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ni tirẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó dojú kọ èdè Sáńsíkírítì. Ẹ̀yin ọmọ wa tí sarfu ń ni lára, ẹ gbọ́ o: ìró èdè náà kò bá ahọ́n rẹ̀ mu, ọ̀rọ̀ kan a sì máa ní ìtumọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀ ó náwó, ó nára, ó ń wá ìwé wọn kiri.

Ní nǹkan bí ọdún 1030 ló parí ìwé rẹ̀ lórí Íńdíà, orí 80. Ó là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pé ìwé àríyànjiyàn kọ́: ohun tí àwọn Híńdù gbà gbọ́ ni òun yóò sọ, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́. Ó ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ wọn gba Ọlọ́hun kan tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́, pé nítorí àwọn gbáàtúù ni ère ṣe wà. Kò pọ́n wọn o. Ó ní wọ́n ń gbéraga, bí ẹni pé kò sí ìmọ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ogun Mahmud, ọba tó kó o wá, ló run ọrọ̀ ilẹ̀ náà, tó sì gbin ìkórìíra Mùsùlùmí sí wọn lọ́kàn. Ta ló tún gbójú bẹ́ẹ̀ ní ààfin Ghazni?

Bó ṣe ṣe é yìí náà ni yunifásítì ń gbà kọ́ni nípa ẹ̀sìn lónìí, láìbéèrè ẹ̀sìn akẹ́kọ̀ọ́. Òun kò kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀.

Ó kú ní Ghazni ní nǹkan bí ọdún 1050. Ní 1887, Eduard Sachau, ará Jámánì, tẹ ìwé náà jáde ní èdè Lárúbáwá ní Lọ́ńdọ̀nù.