Ìgbésí Ayé Olóyè J. F. Ọdúnjọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ní Sábó, ní Yàbá, ẹ béèrè Aláwíyé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí yín ni ó jẹ́ pé inú ìwé yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ Yorùbá kà. Ìtàn ẹni tí ó kọ ọ́ ni a fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé òun nìkan kọ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, ó kọ ewì, ó kọ eré-onítàn, ó sì tún kọ ìtàn-àròsọ. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kò ní da ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kan pọ̀ mọ́ òmíràn nínú ìdánwò.

Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ ni orúkọ rẹ̀. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọdún 1904. Ó lọ sí ilé-ìwé Kátólíìkì St. Augustine ní ìlú náà, lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ó di ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì lọ kàwé sí i ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Ẹ ro irú àkókò tí ó fi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso wa. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ìyà ni ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì máa ń jẹ. Òjò dídì àti àwọn nǹkan mìíràn tí ọmọ kò rí rí ni ó kún inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kà. Bí ọmọ bá dàgbà báyìí, yóò rò pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú èdè ìyá òun. Ohun tí Ọdúnjọ dìde sí nìyí. Ó kọ Aláwíyé ní ìpele-ìpele, kí ọmọdé lè ti orí álífábẹ́ẹ̀tì dé orí ìtàn àti ewì.

Láti 1952, ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìjọba yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù January 1955. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò mọ̀wé rọ́ wọ kíláàsì, wọ́n sì nílò ìwé tí wọn yóò fi èdè tiwọn kà.

Ẹ wá kíyè sí bí ó ti ń yan ẹ̀yà lítíréṣọ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ mu. Nígbà tí ó fẹ́ bá olórí tí ó ń rẹ́ mẹ̀kúnnù jẹ wí, eré-onítàn ni ó kọ: Agbàlọ́wọ́méèrì, Baálẹ̀ Jòǹtolo, tí ó jáde ní 1958. Lórí ìtàgé, gbogbo ènìyàn ni yóò jọ fojú rí ìwọra baálẹ̀ náà, tí wọn yóò sì jọ fi í rẹ́rìn-ín. Ní 1961, Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn jáde. Ewì kì í gùn púpọ̀, ìró rẹ̀ a sì máa dùn létí. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ àti ìwà fi tètè ń wọ ọmọdé lórí, tí kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Ní 1964, ó kọ ìtàn-àròsọ tí a pè ní Kúyẹ̀. Kúyẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn tí kò gbọ́ràn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹ bi ara yín léèrè: báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sọ èrò ọkàn rẹ̀ lórí ìtàgé, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti jẹ́ òpómúléró? Nínú ìtàn-àròsọ, asọ̀tàn lè wọ inú ọkàn rẹ̀ lọ, kí ó sì bá a sọ ìyà tí ń jẹ ẹ́. Ní ọdún yìí kan náà ni Ọmọ Òkú Ọ̀run jáde, ìtàn-àròsọ mìíràn lórí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú.

Ní 1966, ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ lórí àkọtọ́ Yorùbá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a gùn lé tí ìjọba fi fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974, èyí tí ẹ̀ ń lò nínú ìdánwò.

Olóyè Ọdúnjọ kú ní 1980. Kí ó tó kú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tí Ọdúnjọ ti ń fi ìwé rẹ̀ jà fún láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín iṣẹ́ Yorùbá, kí ẹ máa rò pé ẹnikẹ́ni ni ó lè yege nínú rẹ̀ láìkàwé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ìdánrawò
1. Kí ni ìdí tí eré-onítàn fi bá ìtàn Agbàlọ́wọ́méèrì mu?
2. Mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní àdúgbò rẹ. Kọ ọ́ ní ewì ìlà mẹ́wàá, kí o sì tún kọ ọ́ ní eré-onítàn kúkúrú. Kí ni ó yí padà?
3. Kọ àròkọ lórí ìgbésí ayé òǹkọ̀wé Yorùbá mìíràn tí ó ti di olóògbé.