Imam al-Ghazali: Ẹni tó fi ipò sílẹ̀ láti wá ìfọ̀kànbalẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Allāhu, Ọba tó dá ọmọ ènìyàn, tó sì mọ ohun tó pamọ́ sínú àyà rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi kí n tó sọ fún yín: ẹ jẹ́ kí a páyà Ọlọ́hun.

Lẹ́yìn èyí, kí ló dé tí ọwọ́ ènìyàn fi máa ń tẹ ohun tó ń wá, síbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀? Ìbéèrè yìí sọ ọ̀kan nínú àwọn àáfà ńlá ayé di aláìsàn. Òun ni Abu Hamid al-Ghazali, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Ìlú Tus ní ilẹ̀ Khurasan, tó wà ní Iran òde òní, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 450 Hijra, èyí tó bọ́ sí 1058. Ìtàn sọ pé aláìní ni bàbá rẹ̀, òwú irun àgùntàn ló ń ran. Kí ó tó kú, ó fi òun àti àbúrò rẹ̀, Ahmad, lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́ kí wọ́n lè kàwé. Nígbà tí owó tó fi sílẹ̀ tán, ilé kéwú tí wọ́n ti ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn méjèèjì lọ. Abu Hamid kẹ́kọ̀ọ́ dé Jurjan, ó sì tún dé Nishapur lọ́dọ̀ al-Juwayni. Nígbà tí olùkọ́ yìí kú ní 1085, Nizam al-Mulk, wásírì ọba àwọn Seljuk, gbà á sọ́dọ̀. Ní 1091, ó fi í ṣe olùkọ́ àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ Nizamiyya ní Baghdad, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35. Ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jókòó síwájú rẹ̀, àwọn ìjòyè sì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Àmọ́ ó wo àníyàn ara rẹ̀, ó sì rí i pé kì í ṣe nítorí Ọlọ́hun ni òun ṣe ń kọ́ni, bí kò ṣe nítorí òkìkí àti iyì. Láti oṣù Rajab ọdún 488, èyí tó bọ́ sí 1095, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló fi ń ṣe iyèméjì: bó bá pinnu ní òwúrọ̀ pé òun ó lọ, ọkàn rẹ̀ á ti yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó yá, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ kò sì lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Àwọn oníṣègùn ní ọkàn ni àìsàn náà ti wá. Ó ké pe Ọlọ́hun, Ọlọ́hun sì mú ìpinnu náà rọrùn fún un. Ó pín dúkìá rẹ̀, ó ṣẹ́ èyí tó tó àwọn ọmọ rẹ̀ kù, ó sì kúrò ní Baghdad. Ó dá gbé ní mọ́ṣáláṣí Damascus, ó dé Jerúsálẹ́mù, ó sì ṣe Hájì.

Nínú àwọn ọdún wọ̀nyí ló kọ Ihya Ulum al-Din, tó ní 40 ìwé nínú. Lẹ́yìn náà ló kọ Kimiya-yi Sa'adat ní èdè Páṣíà. Kímíyà ni ìmọ̀ tí wọ́n ní ó ń sọ irin lásán di wúrà. Ó lo orúkọ yìí fún ohun tó ń sọ ọkàn ènìyàn di mímọ́.

Nínú ìwé náà, ó fi ara ènìyàn wé ìlú kan. Ọkàn ni ọba, làákàyè ni wásírì, ìfẹ́-inú ni agbowó-orí, ìbínú sì ni ọlọ́pàá. Kò ní kí a pa agbowó-orí, nítorí láìsí i, ebi ni yóò pa ìlú. Kò ní kí a lé ọlọ́pàá, nítorí ọ̀tá yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí agbowó-orí bá gun orí ìtẹ́, tí ọba di ẹrú rẹ̀, ìlú ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó tún ṣàlàyé pé inú ohun tí a torí rẹ̀ dá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ìdùnnú rẹ̀ wà: ti ojú wà nínú ohun tó lẹ́wà, ti etí wà nínú ohùn dídùn, ti ọkàn sì wà nínú mímọ Ọlọ́hun. Ikú yóò fòpin sí ìdùnnú ojú àti ti ẹnu. Ọkàn kò ní kú, nítorí náà ìdùnnú tirẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i ni. Ẹni tó bá bọ́ ikùn nìkan yóò dé ọ̀run pẹ̀lú ọkàn tí ebi ń pa.

Ní 1106, wásírì mìíràn bẹ̀ ẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Nishapur. Ẹ kíyè sí èyí: iṣẹ́ tó ti sá fún náà ló padà sí. Àníyàn rẹ̀ ló yí padà. Nígbà tó yá, ó padà sí Tus, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ títí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 14 Jumada al-Akhira, ọdún 505, èyí tó jẹ́ 18 Oṣù Kejìlá, 1111.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, bí a bá kí ìrun Jímọ̀ yìí tán, oníṣòwò yóò padà sí ìsọ̀, olùkọ́ yóò padà sí kíláàsì, òṣìṣẹ́ yóò padà sí ọ́fíìsì. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oníkálukú wo inú ara rẹ̀: ta ló jókòó lórí ìtẹ́?

Kí Ọlọ́hun tún àníyàn wa ṣe, kí Ó fún ọkàn wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kí Ó sì fi Àlùjánnà ṣe ìpadàsí wa. Ààmín.