Ebenezer Howard: Akọ̀wé Tó Sọ Èrò Di Ìlú

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlú tí kò tíì gbọ́ orúkọ Ebenezer Howard. Láti ọdún kìíní la ti ń ya àwòrán róbótó rẹ̀ sínú ìwé, tí a sì ń há òòfà mẹ́ta rẹ̀ sórí de ìdánwò. Bí ìdánwò bá parí, àwòrán yẹn ló máa ń kù lọ́kàn wa. Lójú tèmi, ibòmíràn ni kókó iṣẹ́ bàbá náà wà, ìyẹn nínú ohun tó sọ nípa ẹni tó yẹ kó ni ilẹ̀ ìlú àti ibi tó yẹ kí owó ilẹ̀ máa lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde.

London ni wọ́n bí Howard sí, ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1850. Bàbá rẹ̀ ń ṣe àkàrà òyìnbó àti súìtì tà. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó kúrò nílé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé. Kò kọ́ṣẹ́ ayàwòrán ilé, kò kọ́ṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀, kò sì lọ sí yunifásítì. Iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú ni ṣọ́táàndì, ọ̀nà ìkọ̀wé kíákíá tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu.

Ní 1871, òun àti ọ̀rẹ́ méjì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ilẹ̀ ní Nebraska láti dáko. Oko náà kò gbè wọ́n. Howard kó ẹrù rẹ̀, ó di Chicago. Iná ńlá ti jó apá púpọ̀ nínú ìlú náà ní ọdún 1871, nítorí náà ojú rẹ̀ ló ṣe bí wọ́n ṣe ń tún ìlú kọ́ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tó padà sí London ní 1876, ó bá àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ló fi gbọ́ bùkátà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí iṣẹ́ yẹn díẹ̀. Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò láṣẹ láti dá sí àríyànjiyàn, àmọ́ kò sí èyí tó bọ́ mọ́ ọn létí. Ní àkókò yẹn, àwọn ará oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ya wọ ìlú ńlá nítorí pé iṣẹ́ oko kò mówó wọlé mọ́. Ní London, odindi ẹbí lè máa gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Abúlé ń ṣófo, ìlú ń há, owó ilẹ̀ sì ń gòkè. Howard rí i pé bí èèyàn bá ṣe ń pọ̀ níbì kan ni owó ilẹ̀ ibẹ̀ ń ga sí i, onílẹ̀ nìkan ló sì ń jẹ èrè náà, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ní 1898, pẹ̀lú £50 tí ọ̀rẹ́ kan yá a, ó tẹ ìwé To-morrow: A Peaceful Path to Real Reform jáde. Ní 1902, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n sì pè é ní Garden Cities of To-morrow. Àwọn òòfà mẹ́ta inú rẹ̀ ni ìlú, ìgbèríko, àti ìlú-òun-oko, tó kó ire àwọn méjèèjì pọ̀. Ìlú ọgbà tó rò yóò wà lórí éékà 6,000, ìlú fúnra rẹ̀ yóò gba 1,000, oko àti igbó yóò gba ìyókù, èèyàn 32,000 ni yóò sì máa gbé ibẹ̀. Bí ó bá kún, wọn yóò dá òmíràn sílẹ̀ ní ìkọjá oko, dípò kí wọ́n jẹ oko run. Howard kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé àpèjúwe lásán ni, pé àwòrán gidi kò ṣeé yà títí wọn yóò fi rí ilẹ̀.

Ìṣirò owó ló pọ̀ jù nínú ìwé náà. Ó ní kí wọ́n ra ilẹ̀ ní iye ilẹ̀ oko, £40 fún éékà kan, kí ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Kò sí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ ní àrà-pa. Yíyá ni wọn yóò máa yá a, tí wọn yóò sì máa san owó ilẹ̀. Nínú owó yìí ni wọn yóò ti san èlé, tí wọn yóò ti máa dá gbèsè padà díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù yóò sì lọ sórí ọ̀nà, ilé-ìwé àti ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èèyàn tó pé jọ ló gbé iye ilẹ̀ ga, nítorí náà, àwọn ló yẹ kó jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló fi í rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní 1899, ó kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò ńlá kan, Ralph Neville, di alága wọn, àwọn oníṣòwò bíi Cadbury àti Lever sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní 1903, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ra éékà 3,818 ní Letchworth, ní Hertfordshire. Òfin wọn ni pé èrè àwọn tó dówó kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún.

Raymond Unwin àti Barry Parker ló ya àwòrán ìlú náà. Wọ́n fi àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sí apá ìlà-oòrùn lẹ́bàá ojú irin, nítorí pé láti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ níbẹ̀, kí èéfín má bàa bo ilé àwọn èèyàn. Ilé kò gbọdọ̀ ju 12 lọ lórí éékà kan. Ní 1905, wọ́n ṣe ìpàtẹ ilé olówó pọ́ọ́kú tí kò ju £150 lọ láti kọ́, èrò sì wọ́ wá wò ó. Ìyẹn ni ìlànà tó wọ ara ilẹ̀: ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò nílò láti ka ìwé Howard kó tó mọ̀ pé ara tu òun.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló rí bí Howard ṣe fẹ́. Ó fẹ́ kí owó ilẹ̀ máa gòkè bí iye ilẹ̀ bá ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n àwọn oníléeṣẹ́ kò fẹ́ wá sábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, àwọn olùdarí sì gbà láti máa yá wọn ní ilẹ̀ fún ọdún 99 ní iye kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kéré jù kò rí ilé tí agbára wọn ká. Ìyàwó rẹ̀ Eliza, tó dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀, kú ní 1904, kí wọ́n tó kó dé Letchworth.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ìjọba kọ́ ìlú tuntun. Howard kò lè dúró de ìjọba. Ní 1919, wọ́n ń ta ilẹ̀ ní gbàǹjo ní Welwyn. Kò ní owó tó tó lọ́wọ́, ó tọ àwọn ọ̀rẹ́ lọ, ó yá owó, ó sì ra nǹkan bí éékà 1,500. Louis de Soissons ló ya àwòrán ìlú kejì yìí. Ọba fún Howard ní oyè Sir ní 1927, ó sì kú ní Welwyn ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1928. Kò di olówó. Ẹ̀rọ ṣọ́táàndì kan tó ń gbìyànjú láti ṣe wà lára ohun tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdánwò tó le jù dé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 1960, ilé-iṣẹ́ kan láti ìta ra ìpín ìdókòwò Letchworth títí àṣẹ fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Èrè ilẹ̀ tí ará ìlú ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ fẹ́ bọ́ sápò àlejò. Àwọn ará ìlú kò gbà. Wọ́n gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ, òfin 1962 sì gba ilẹ̀ náà padà fún wọn. Láti 1995, àjọ tí kì í ṣe ti èrè jíjẹ ló ń tọ́jú rẹ̀, owó ilẹ̀ sì ń padà sí ìlú. Àwòrán Unwin dára, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró níwájú ẹni tó wá ra ìlú. Òfin lórí ilẹ̀ ló gbà á là.

Èrò yìí dé ọ̀dọ̀ wa náà. Albert Thompson, tó ti bá Parker àti Unwin ṣiṣẹ́, ṣètò Pinelands ní Cape Town, ó sì wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìjọba amúnisìn mú nínú rẹ̀: ọ̀nà gbòòrò, igi àti àyíká tó fẹ̀, ní Ìkòyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó. Wọ́n gbin igi Howard, wọn kò gbin òfin rẹ̀. Títí dòní, bí ìjọba bá la ọ̀nà tuntun, ẹni tó ti ra ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ ló ń jẹ èrè, ayálégbé ló sì ń kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá gbé àwòrán wa síwájú àwọn olùkọ́ nínú iṣẹ́ àkànṣe ọdún yìí, ẹ jẹ́ ká fi ojú ìwé kan kún un, kó sọ ẹni tí yóò ni ilẹ̀ náà ní ogójì ọdún sí i, àti ẹni tí owó rẹ̀ yóò máa tún gọ́tà ṣe. Howard tí kò mọ àwòrán yà kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn, ìlú méjì sì wà lórí ilẹ̀ lónìí nítorí rẹ̀.