Camille Flammarion: Ẹni Tí Wọ́n Lé Kúrò Nílé Ìwòràwọ̀

Ní Gowon Estate, lágbègbè Ìpájà, níbi tí ilé wa wà, alẹ́ tí kò bá sí iná ni ojú ọ̀run máa ń dára jù. Kí àwọn aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀, mo máa ń gbé àga ike síta, n ó gbójú sókè. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìràwọ̀. Físíìsì ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, Yorùbá ni wọ́n fún mi. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí a jọ wà ní ẹ̀ka yìí, nítorí náà n kò ní fẹjọ́ sùn yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé jálẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ mi, mo gbà lọ́kàn pé ọ̀run ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìtàn ọkùnrin ará Faransé kan ló jẹ́ kí n tún èrò mi pa.

Camille Flammarion lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1842 ni wọ́n bí i ní Montigny-le-Roi, ìlú kékeré kan ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, òṣùpá bo oòrùn lójú. Ìyá rẹ̀ bu omi sínú korobá, ó ní kí ọmọ máa wo oòrùn nínú omi kí ojú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Korobá yẹn ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fi wo ọ̀run.

Nígbà tó yá, nǹkan ò lọ déédéé fún àwọn òbí rẹ̀ mọ́, ni ìdílé náà bá kó lọ sí Paris. Camille di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fín àwòrán. Lọ́sàn-án ó ń ṣiṣẹ́, lóru ó ń kàwé. Kó tó pé ọmọ ọdún 17, ó ti kọ ìwé gbàǹgbà kan lórí bí ayé àti ọ̀run ṣe bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó yìí dá a dùbúlẹ̀ àìsàn. Dókítà tó wá tọ́jú rẹ̀ rí ìdì ìwé náà nínú yàrá, ẹnu yà á, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ọmọ náà dé ilé ìwòràwọ̀ ìjọba ní Paris. Ní 1858, wọ́n gbà á síṣẹ́ níbẹ̀.

Urbain Le Verrier ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Ìṣirò ni ọkùnrin yìí fi mọ ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì Neptune wà ní 1846, tí àwọn tó ní awò ọ̀nà-jíjìn fi wo ibẹ̀ tí wọ́n sì rí i. Ìṣirò náà ló gbé lé Camille lọ́wọ́. Ọmọ tó rò pé òun yóò máa wo ìràwọ̀ lálaalẹ́ wá di ẹni tó ń ro nọ́ńbà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó fara dà á fún ọdún mẹ́rin. Ní 1862, nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó tẹ ìwé kan jáde tó pè ní La Pluralité des mondes habités, níbi tó ti sọ pé ayé tiwa nìkan kọ́ ni ohun abẹ̀mí ń gbé. Inú Le Verrier kò dùn sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n lé Camille kúrò níbẹ̀.

Ibi tí mo kà dé yìí ni mo ti pa ìwé dé, tí mo ronú ara mi.

Flammarion kò fi ìràwọ̀ sílẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ìṣirò míì ṣe ní Bureau des longitudes, ó ń kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn, ó ń dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ ní gbangba, ó sì ń gun bàlúùnù lọ sókè láti lọ wo ìkùukùu àti afẹ́fẹ́. Nígbà tó gbé Sylvie Pétiaux níyàwó ní 1874, inú bàlúùnù ni tọkọtaya náà ti ṣe fàájì ìgbéyàwó wọn. Le Verrier pàápàá padà ṣílẹ̀kùn fún un ní 1876, ó jẹ́ kó wá máa fi awò ńlá ilé ìwòràwọ̀ náà wo àwọn ìràwọ̀ ìbejì. Ní 1880, ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Astronomie populaire jáde, wọ́n sì tà ju 100,000 ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Inú ìwé yẹn ló ti dábàá orúkọ Triton fún òṣùpá Neptune, orúkọ náà la sì fi ń pè é títí dòní.

Ṣùgbọ́n ìwé ńlá, bí èèyàn bá ti kà á tán, ó tán nìyẹn. Ojú ọ̀run ní tirẹ̀ ń yí padà lóṣooṣù. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí Flammarion bẹ̀rẹ̀ ní 1882 fi jọ mí lójú ju gbogbo ìwé rẹ̀ lọ. Ọdún yẹn ló dá ìwé ìròyìn olóṣooṣù sílẹ̀, ó pè é ní L'Astronomie. Gauthier-Villars, ilé iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ fún ìwé sáyẹ́ǹsì ní Paris, ló ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè kàwé, tó sì fẹ́ràn ọ̀run, ló ń kọ ọ́ fún. Ó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa wò lókè lóṣù kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ó sì ń gba ohun tí àwọn òǹkàwé fúnra wọn rí láti ojú fèrèsé àti ẹ̀yìnkùlé wọn, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó ra ìwé lónìí lè di ẹni tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́la.

Ọdún 1882 yẹn náà ni ọ̀gbẹ́ni Méret, ẹnì kan tó fẹ́ràn àwọn ìwé rẹ̀, fi ilé àti ọgbà kan ta á lọ́rẹ ní Juvisy, lẹ́yìn ìlú Paris. Flammarion sọ ọ́ di ilé ìwòràwọ̀ tirẹ̀, ó gbé awò kan síbẹ̀ tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24. Ní oṣù Kìíní ọdún 1887, nínú ilé rẹ̀ ní Paris, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Société astronomique de France sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn Flammarion di ti ẹgbẹ́, ó sì ṣì ń jáde títí di òní.

N kò ní tìtorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n bo àṣìṣe rẹ̀. Flammarion gbà pé ohun abẹ̀mí wà nínú Mars, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ìlà tí àwọn kan ń rí lójú pílánẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ odò tí àwọn ará ibẹ̀ gbẹ́. Ní 1910, nígbà tí ìràwọ̀ onírù Halley ń bọ̀, àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé ó ní afẹ́fẹ́ olóró inú ìrù rẹ̀ lè pa gbogbo ayé. Ìbẹ̀rù mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìràwọ̀ onírù náà kọjá, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ta ló wá tún ọ̀rọ̀ Mars ṣe? Eugène Antoniadi ni, ọmọ Gíríìkì tí wọ́n bí ní ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, awò kékeré ló fi ń wo ọ̀run, ó ń ya ohun tó rí, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Flammarion. Ní 1893, Flammarion mú un wá sí Juvisy láti wá bá òun ṣiṣẹ́. Ní 1909, Antoniadi fi awò ńlá tó wà ní Meudon wo Mars, ó sì rí i pé kò sí odò kankan níbẹ̀. Ojú ló ń so àmì tó fọ́n káàkiri pọ̀ di ìlà. Ẹni tí Flammarion ṣílẹ̀kùn fún ló fi àṣìṣe ọ̀gá hàn.

Lẹ́yìn tí mo ka èyí tán, mo kọ ojú ewé mẹ́rin lórí ohun tí ojú lásán lè rí lókè ní Gowon Estate, mo ṣe fọ́tókọ́pì ogún, mo sì pín in ládùúgbò. Nígbà tí mo dé orí Venus, mo kọ ọ́ pé Yorùbá kò ní orúkọ fún un. Ìyá tó ń dín àkàrà nítòsí ilé wa ní kí ọmọ òun ka ìwé náà fún òun. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ mi nílé ìwé gan-an. Wọ́n ní Àgùàlà lorúkọ rẹ̀, pé nítorí pé ó ń bá oṣù rìn ni àwọn kan fi ń pè é ní ajá oṣù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ìtìjú mú mi, èmi ọmọ ẹ̀ka Yorùbá! Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí mo ṣe ń lọ sílé, Flammarion tí wọ́n lé kúrò lọ́dọ̀ Le Verrier ni mo ń rò. Ẹ̀ka tí mo rò pé ó gba ọ̀run lọ́wọ́ mi ni orúkọ ìràwọ̀ wà.

Flammarion kú ní Juvisy ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1925, ní ọmọ ọdún 83, inú ọgbà ilé ìwòràwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Sylvie ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1919. Gabrielle Renaudot, onímọ̀ ìràwọ̀ tó fẹ́ lẹ́yìn Sylvie, ló bá a bójú tó iṣẹ́ náà títí tí òun náà fi kú ní 1962.

Mo ti ń kọ àtẹ̀jáde kejì. Àtúnṣe ọ̀rọ̀ Àgùàlà ni yóò ṣáájú. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé lásìkò ìsinmi, ẹ bi àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà yín léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ìràwọ̀ ní ìlú yín. Ẹ mú un wá fún mi, n ó tẹ̀ ẹ́.