Piri Reis: Ọ̀gá Atukọ̀ Tí Kò Gbẹ́kẹ̀ Lé Máàpù Kan Ṣoṣo

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ó dá òkun, tí ó sì fi ìràwọ̀ sí ojú sánmà kí ẹ̀dá lè fi mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìtàn Piri Reis ni a mú wá fún yín lóṣù yìí. Púpọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ nípa àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ tó jẹ́ oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí láàárín wa. Bí ẹ ti ń kà á lọ, a fẹ́ kí ẹ fi ìbéèrè kan sọ́kàn: kí ni ó yẹ kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìlú Gelibolu, létí òkun ní ilẹ̀ Tọ́kì, ni a gbà pé wọ́n ti bí Piri, láàárín ọdún 1465 sí 1470. Muhyiddin Piri ni orúkọ rẹ̀. Oyè ni Reis, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀gá ọkọ̀. Arákùnrin bàbá rẹ̀, Kemal Reis, jẹ́ atukọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Òkun Mẹditaréníà. Ní nǹkan bí ọdún 1481, nígbà tí Piri ṣì kéré, ó bá a wọ ọkọ̀. Ojú omi ni ilé ìwé rẹ̀, Kemal Reis sì ni olùkọ́ rẹ̀.

Àsìkò ìpọ́njú ni àsìkò náà fún àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Sípéènì. Ní ọdún 1492, Gránádà, ìlú tó kẹ́yìn lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọba Kristẹni. Kemal Reis fi ọkọ̀ rẹ̀ kó púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ni lára lọ sí àríwá Áfíríkà. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: ọkọ̀ tó kún fún ìyá, ọmọ àti arúgbó, lóru, létí ilẹ̀ ọ̀tá. Bí àpáta abẹ́ omi kan bá wà tí ọ̀gá ọkọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀, ìrìn àjò ìgbàlà náà lè di ikú fún gbogbo wọn. Nínú irú iṣẹ́ báyìí ni ojú Piri ti là sí i pé etíkun léwu ju agbami lọ. Ní agbami, omi jìn, àyè sì wà. Létíkun ni àpáta, òkìtì yanrìn àti omi tí kò jìn máa ń ba ní ibùba.

Ní ọdún 1495, Kemal Reis wọ iṣẹ́ ogun ojú omi ìjọba Ottoman, Piri sì bá a wọ̀ ọ́. Nígbà ogun tí wọ́n bá àwọn ará Venice jà láti 1499 sí 1502, Piri fúnra rẹ̀ ti di ọ̀gá ọkọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1511, ìjì da ọkọ̀ Kemal Reis nù, ó sì kú sínú òkun. Piri padà sí Gelibolu, ó jókòó ti iṣẹ́ ìwé.

Ní ọdún 1513 ó parí máàpù ayé kan tí ó yà sórí awọ ẹran. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ náà ni bí ó ti ṣe é. Ó kọ ọ́ sórí máàpù náà fúnra rẹ̀ pé nǹkan bí 20 máàpù ni òun fi ṣe é. Àwọn àtijọ́ wà níbẹ̀, ti Lárúbáwá wà níbẹ̀, àwọn tuntun láti ọwọ́ àwọn Potogí wà níbẹ̀, èyí tí Christopher Columbus yà nípa ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn náà sì wà níbẹ̀. Ó kó wọn jọ, ó fi èkíní wé èkejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ hadísì wa ti máa ń fi ẹ̀gbàwá kan wé òmíràn kí wọ́n tó gbà á wọlé. Kò kọ ìmọ̀ nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ló ti wá, kò sì gba èyíkéyìí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ní ọdún 1517, nígbà tí Sultan Selim ti gba ilẹ̀ Íjíbítì, Piri gbé máàpù náà fún un níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó wúlò jù fún àwọn atukọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Piri mọ̀ pé bó ti wù kí máàpù dára tó, ojú awọ kékeré kò lè gba gbogbo ohun tí atukọ̀ etíkun nílò. Nítorí náà ó kọ ìwé kan, Kitab-ı Bahriye, ìyẹn ìwé nípa ọ̀rọ̀ òkun, ní ọdún 1521. Ó to etíkun Mẹditaréníà sínú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èbúté tí ọkọ̀ lè sá sí nígbà ìjì, ibi tí omi mímu wà, ibi tí ó yẹ kí á ju ìdákọ̀ró sí, ibi tí ó yẹ kí á sá fún. Ó fi tó-tò-tó sàmì sí ibi tí yanrìn ti mú kí omi má jìn, ó sì fi àmì àgbélébùú sàmì sí àpáta tó fara pamọ́ sábẹ́ omi.

Ní ọdún 1524, ó wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé Ibrahim Pasha, olórí àwọn mínísítà Sultan Süleyman, lọ sí Íjíbítì. Ìjòyè náà rí i pé Piri a máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lójú ọ̀nà, ó sì gbà á níyànjú pé kó tún un ṣe dáadáa. Ní ọdún 1526, Piri gbé ìwé náà jáde lẹ́ẹ̀kejì fún Sultan, àwọn máàpù inú rẹ̀ sì lé ní 200. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó kọ ìwé náà pẹ̀lú ṣì ń ṣí i wò lójú omi. Kò sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tán.

Ìparí ayé rẹ̀ korò. Ní ọdún 1547, wọ́n fi í ṣe olórí ọkọ̀ ogun ní Suez, láti kojú àwọn Potogí tó ń dí ọ̀nà Òkun Pupa àti ti Íńdíà mọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ó gba Aden padà. Ní ọdún 1552 ó gba Muscat, ṣùgbọ́n odi Hormuz kò wó fún un. Ó kó ọkọ̀ lọ sí Basra, ó fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ padà wá sí Suez. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án lórí èyí, wọ́n sì pa á ní Káírò ní nǹkan bí ọdún 1553, lẹ́yìn tó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Àwọn aláṣẹ pa òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Ní ọdún 1929, wọ́n rí apá kan máàpù 1513 náà ní ààfin Topkapı ní Istanbul. Etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ti Bùràsíìlì wà lórí rẹ̀, omi kan náà tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa gbà lọ sóko ẹrú lẹ́yìn náà, tí àwọn Mùsùlùmí sì wà lára wọn.

Kí ni èyí kàn wá lónìí? Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ létíkun lóde òní ní láti yàn láàárín máàpù ìwé àti máàpù orí ẹ̀rọ. Láàárín 2012 sí 2018 ni òfin àgbáyé sọ máàpù orí ẹ̀rọ di dandan díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Oore rẹ̀ pọ̀: sátẹ́láìtì ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àtúnṣe rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n bátìrì lè kú, omi iyọ̀ sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Máàpù ìwé kò bèèrè iná, gbogbo ọ̀nà ni ènìyàn sì ń rí lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó lè tutù, ó lè ya, ọwọ́ ni a sì fi ń tún un ṣe.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ọkọ̀ ìdíje kan tó ń jẹ́ Team Vestas Wind sáré gun òkìtì àpáta Cargados Carajos ní Òkun Íńdíà lóru. Òkìtì náà wà nínú máàpù ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sún àwòrán náà mọ́ra tó kó tó lè hàn kedere. Ọlọ́hun kó gbogbo wọn yọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò rò. Bí ènìyàn bá ní máàpù ìwé àti ti ẹ̀rọ, tí àwọn méjèèjì sì wá láti inú ìwọ̀n omi kan náà tí wọ́n wọ̀n láti ayébáyé, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní, aṣọ méjì ló wọ̀. Ogún máàpù Piri Reis wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, lójú tiwa, kí atukọ̀ fi ti ẹ̀rọ mọ ibi tó wà, kí ó fi ti ìwé gbèrò ọ̀nà kó sì fi ṣe ìpamọ́, kí ó sún máàpù ẹ̀rọ mọ́ra wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin kó tó ṣíkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó máa wọn jíjìn omi, kí ó máa fi ojú wo iwájú, kí ó sì bi àwọn apẹja ibẹ̀ léèrè. Ẹlẹ́rìí ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe atukọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹni tó ń wa mọ́tò, nọ́ọ̀sì tó ń fún aláìsàn lóògùn, ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fún ẹlòmíràn, gbogbo wọn ló ní èrò nínú ọkọ̀. Amáná ni. Kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tún un yẹ̀ wò, kí ẹ tó gbáralé Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá, kí Ó sì gbé wa gúnlẹ̀ láyọ̀. Àmín.