JAMSETJI TATA: ONÍṢÒWÒ TÍ Ó FI OWÓ RẸ̀ TÚN ILẸ̀ BABA RẸ̀ ṢE

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú ìpàdé ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú ìlú. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́ ilé ìwé, kí ó fa omi, kí ó sì la ọ̀nà? Ṣé ìjọba ni, tàbí àwọn tí Ọlọ́run fi owó fún? Kí a tó tún jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lọ́dún yìí, a rò pé yóò ṣe wá láǹfààní bí a bá gbé ìtàn ọkùnrin ará Íńdíà kan yẹ̀ wò, ẹni tí ó ti wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn baba wa.

A bí Jamsetji Nusserwanji Tata ní ọjọ́ 3 oṣù Máàṣì, ọdún 1839, ní Navsari, ìlú kékeré kan ní agbègbè Gujarat, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Parsi ni í ṣe. Àwọn baba ńlá wọn ti ṣí kúrò ní ilẹ̀ Páṣíà láti ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, kí wọn lè rí ààyè máa sin Ọlọ́run bí wọ́n ti ń sìn ín. Iṣẹ́ àlùfáà ni ìdílé Tata ń ṣe láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n Nusserwanji, baba ọmọ náà, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ó sì lọ ń ṣòwò ní Bombay, ìlú ńlá etí òkun tí a ń pè ní Mumbai lónìí. Nígbà tí ọmọ náà tó nǹkan bí ọmọ ọdún 14, ó lọ bá baba rẹ̀ níbẹ̀. Ó kàwé ní Elphinstone College, ó sì jáde ní 1858. Ọdún náà gan-an ni Ọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso Íńdíà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò tí ó ti ń jọba lé e lórí.

Ní ọdún kejì, baba rẹ̀ rán an lọ sí Hong Kong láti máa bójú tó òwò wọn níbẹ̀. A kò ní fi bò pé, yàtọ̀ sí òwú, wọ́n tún ń ta opium, bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Bombay ti ń ṣe nígbà náà. Òfin Gẹ̀ẹ́sì fi àyè gbà á, ṣùgbọ́n oògùn olóró náà ba ayé ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà jẹ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òwú Amẹ́ríkà kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, òwú Íńdíà sì gbówó lórí gidigidi. Bombay kún fún owó, gbogbo ènìyàn sì ń fi owó tí wọn kò ní ṣòwò. Nígbà tí ogun náà parí ní 1865, iye owó òwú já wálẹ̀ lójijì, àìmọye oníṣòwò sì wọ gbèsè. Ìdílé Tata kò gbẹ́yìn nínú wọn. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni Jamsetji wà nígbà náà. Kò sá fún àwọn tí ó jẹ lówó. Ó lọ kojú wọn, ó sì ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ fún wọn. Bí ọ̀ràn náà ti dùn ún tó, ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan tí kò gbàgbé: ọrọ̀ tí a kọ́ sórí rírà àti títà nìkan kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí èyí tí a kọ́ sórí ṣíṣe nǹkan jáde.

Ní 1868 ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú owó rúpì 21,000. Ní 1869 ó ra ilé-iṣẹ́ ìfúnpo kan tí ó ti kógbá sílé ní Bombay, ó sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ òwú, lẹ́yìn ọdún méjì ó sì tà á ní èrè. Ó wá lọ sí Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ti ń ran òwú tí wọ́n sì ń hun aṣọ. Nígbà tí ó padà, ẹnu ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò fi ilé-iṣẹ́ ńlá rẹ̀ sí Bombay. Nagpur ni ó yàn, ní àárín gbùngbùn Íńdíà, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń gbin òwú, èédú ilẹ̀ kò jìnnà, rélùwéè sì dé ibẹ̀. Olówó kan tí ó bá sọ̀rọ̀ kọ̀ láti fi owó sí i. Ó ka ọ̀ràn náà sí rírì wúrà mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì, ọdún 1877, ọjọ́ tí wọ́n kéde Ọbabìnrin Victoria ní Ọbabìnrin gbogbo Íńdíà, ni ilé-iṣẹ́ náà ṣí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Empress Mills. Kò pẹ́ tí èrè rẹ̀ fi pa àwọn ẹlẹ́gàn lẹ́nu mọ́.

Ohun tí ó ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í wá síbi iṣẹ́ déédéé. Ẹlòmíràn ìbá gé owó wọn. Òun sọ pé kí a kọ́kọ́ wo bí ibi iṣẹ́ ti rí. Ó fi ẹ̀rọ tí ń mú atẹ́gùn tutù sí i, ó fi ẹ̀rọ tí ń pa iná sí i, ó sì pèsè omi mímọ́. Ní 1886 ó dá owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún wọn, ní 1895 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí san owó fún ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí òfin kan ní Íńdíà nígbà náà tí ó fi dandan lé e.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó yọrí sí rere. Lẹ́yìn ọdún 1890 ó gbìyànjú láti fi ọkọ̀ òkun tirẹ̀ kó òwú lọ sí Ṣáínà àti Jàpáànù, nítorí owó tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà pọ̀ jù. Àwọn yẹn rẹ owó tiwọn sílẹ̀ gidigidi, àwọn oníbàárà sì yà sọ́dọ̀ wọn. Ó fi ìṣòwò ọkọ̀ náà sílẹ̀, ó gba àdánù rẹ̀, ó sì kọjú sí iṣẹ́ mìíràn.

Ohun mẹ́ta ni ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ lé ní ìgbà ogbó rẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ gíga fún sáyẹ́ǹsì, ilé-iṣẹ́ irin, àti iná mànàmáná láti ara omi. Ní 1892 ó ti ya owó kan sọ́tọ̀ láti máa yá àwọn ọ̀dọ́ Íńdíà tí orí wọn pé, kí wọn lè lọ kàwé lókè òkun. Ní 1898 ó fi ilé 14 àti ilẹ̀ mẹ́rin tí ó ní ní Bombay sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga náà. Ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ ni a kà á sí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń ṣiyèméjì bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà tàbí bóyá iṣẹ́ yóò wà fún wọn. Ọba ìpínlẹ̀ Mysore ni ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní Bangalore. Ní 1909 ni wọ́n dá Indian Institute of Science sílẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó lá àlá rẹ̀ ti kú fún ọdún márùn-ún.

Ní ti irin, ó ti ka ìwé onímọ̀ ilẹ̀ ará Jámánì kan ní 1882 pé irin pọ̀ ní agbègbè kan ní Íńdíà. Òfin ìwakùsà ìgbà náà kò jẹ́ kí ó rí ọ̀nà gbé e gbà, àfi ìgbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1899. Ní 1902, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 60 ọdún, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti wá àwọn tí ó mọ iṣẹ́ irin. Ní ọdún kan náà ó kọ ìwé sí Dorabji, àkọ́bí rẹ̀, nípa ìlú tí wọn yóò tẹ̀ dó fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní kí ọ̀nà gbòòrò, kí wọn gbin igi tí ń yára dàgbà tí yóò ṣíji bò ó, kí wọn fi àyè sílẹ̀ fún ọgbà òdòdó àti pápá bọ́ọ̀lù, kí wọn sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé wọn kò tíì rí ibi tí ilé-iṣẹ́ yóò wà nígbà tí ó kọ ìwé náà.

Ní oṣù Disẹ́ḿbà 1903 ó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá rẹ̀, Taj Mahal, ní etí òkun Bombay, ilé tí ó kọ́kọ́ fi iná mànàmáná tàn ní ìlú náà. Àìsàn ti ń bá a jà nígbà náà. Ó kú ní Bad Nauheim ní ilẹ̀ Jámánì ní ọjọ́ 19 oṣù Méè, ọdún 1904, wọ́n sì sin ín sí Brookwood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ọmọ rẹ̀, Dorabji àti Ratanji, kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ dá owó sí i bí àwọn Tata ti fẹ́. Ní 1907 wọ́n wá kọjú sí àwọn ará ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan bí 8,000 ará Íńdíà ti ra ìpín tí ó tó gbogbo owó tí wọ́n ń wá. Ọ̀gá rélùwéè Gẹ̀ẹ́sì kan ti fi wọ́n ṣẹ̀sín, ó ṣèlérí pé òun yóò jẹ gbogbo irin rélùwéè tí wọ́n bá lè rọ. Ní 1912 irin jáde, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní sì ni irin rélùwéè wọn tí ó tó máìlì 1,500 lọ sí Mesopotámíà fún iṣẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Sakchi, abúlé tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí, di Jamshedpur ní 1919. Iná mànàmáná láti orí òkè Western Ghats dé Bombay ní 1915.

Ní Jamshedpur, ilé-iṣẹ́ náà ni ó fa omi, ó ṣe ọ̀nà, ó tan iná, ó sì kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ní 1912 ni wọ́n fi iṣẹ́ ọjọ́ kan mọ sí wákàtí mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ ka ojú ewé kan ṣoṣo. Àwọn ìran tí ó ni ilẹ̀ náà látijọ́ pàdánù oko wọn. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1928 àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù àti ìyà tí ń jẹ wọ́n. Ẹni tí ó fún ọ ní iṣẹ́, tí ó tún ni ilé tí o ń gbé àti omi tí o ń mu, agbára rẹ̀ lórí rẹ pọ̀ jọjọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ìjọba ni ó bá wọn gba ilẹ̀, tí ó sì ṣèlérí láti ra irin wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Owó ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ ohun tí ìjọba kò tíì gbójú lé, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àti ojú àwọn ará ìlú ni kò ní jẹ́ kí ó di ti ẹnì kan. Ẹ wò ó pé nígbà tí àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù fà sẹ́yìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ náà ni ó dá owó jọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó bá ní púpọ̀ nínú wa, kí ó rántí ilé 14 Bombay. Ẹni tí ó bá ní díẹ̀, kí ó rántí àwọn tí ó ra ìpín kékeré. Ẹni tí ó bá sì ń kó ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kí ó rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó jẹ lówó. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀síwájú. Àmín.