Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá: Ẹni Tí Ìtìjú Kò Lè Dá Padà

 A rò pé ó yẹ kí ìwé ìrántí wa ní ìtàn ọkùnrin kan tí kò sí Aládùúrà tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí ó sì jẹ́ aládùúgbò wa. Ẹni tó bá wà ní Òmù-Àrán tàbí ní Ẹ̀sìẹ́ mọ̀ pé Odò-Ọ̀wá kò jìnnà sí wa, Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ni. Iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń sọ jù. Àwa fẹ́ sọ ti ìtìjú tí ó rù, nítorí a mọ̀ pé nínú àwọn tó ń jókòó sórí àga ìjọ wa ní ọjọọjọ́ ìsinmi, ọ̀pọ̀ ni ojú ń tì nínú lọ́hùn-ún, tí wọn kò rí ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904 ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá. David Rótìmí ni bàbá rẹ̀, Martha Tàlàbí sì ni ìyá rẹ̀. Onígbàgbọ́ ìjọ C.M.S. ni àwọn méjèèjì, bàbá náà sì ni Bàbá Ìjọ ní Odò-Ọ̀wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti dunni tó bá yá. Ní 1914, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ sí Òṣogbo. Ó kàwé dé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ní ilé-ìwé All Saints, ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, kò pẹ́ nídìí ìyẹn náà tó fi wọ iṣẹ́ P.W.D. Katakata, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń wa ẹ̀rọ ìjọba, tó ń gbowó oṣù, kì í ṣe ẹni kékeré lójú ará ilé.

Ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè sí Iléṣà ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ẹ̀rọ náà dá dúró lójijì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀rí tí Babalọlá jẹ́ ni pé òun gbọ́ ohùn kan tó pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀mẹta, tó ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lọ wàásù. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà.

Lónìí, tí a bá ń sọ ìtàn yìí nínú ìsọjí, Halelúyà ni a máa ń ké. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ará Odò-Ọ̀wá rí ní tiwọn. Ọmọ Bàbá Ìjọ, tí wọ́n mọ̀ sí òṣìṣẹ́ ìjọba, ló wọ ìlú lọ́jọ́ ọjà, eérú ló fi kun ara, màrìwò ló fi bora, ó ń kígbe pé kí wọ́n ronú pìwà dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹranko búburú yóò wọ ìlú. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí lọ́mọ. Ẹ ro ti bàbá àti ìyá yẹn wò, nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tí àwọn ènìyàn ń fi ojú tẹ̀lé wọn. Ìtìjú ẹnìkan, ti gbogbo ẹbí ni nílẹ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìjọba. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Ìlọrin pé ó ń da ìlú rú, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀sùn náà bí wọ́n ṣe rò ó, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí àrùn ilẹ̀-gbígbóná fi bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú. Àwọn tó pè é ní wèrè, àwọn náà ló ń wá a kiri. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan dé òmíràn, ó ń gbàdúrà fún wọn, ìtàn sì sọ pé ara wọn yá.

Ènìyàn á rò pé ìtìjú ti tán nìyẹn. Kò tán. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà nínú ìjọ C.M.S. gan-an, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ Bàbá Ìjọ. Èrò ń pọ̀, àwọn ènìyàn ń ríran, wọ́n ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n bá ní kí àwọn aríran náà fi ìjọ sílẹ̀. Ẹni tí aráyé lé, ó lè sá wá sí ilé Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nínú ilé Ọlọ́run ńkọ́, tí bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní ìjókòó àgbà?

Ní oṣù kejìlá ọdún 1929 ni wọ́n rì í bọmi nínú ọ̀sà ní Èkó, lábẹ́ ìjọ Faith Tabernacle tí Pásítọ̀ J. B. Ẹṣinṣìnádé jẹ́ olórí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn àgbà ìjọ náà péjọ sí Iléṣà láti yanjú aáwọ̀ tó wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni Babalọlá wà tí wọ́n fi gbé òkú ọmọdé kan kọjá, tó gbàdúrà, tí ọmọ náà sì jí, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ti ń jẹ́rìí rẹ̀ títí di òní. Ìsọjí Òkè-Oyè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé aláìsàn pọ̀ ní Òkè-Oyè, wọ́n sì ń gbé omi wá kó lè gbàdúrà sí i. Ohun tí a kì í sọ tó ni ti àwọn tí ara wọn le koko, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ẹni tó ti fi oògùn ṣe ẹlòmíràn ní ibi. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi ló ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá di alẹ́ ọjọ́ ajé á gba ẹ̀yìnkùlé lọ bọ òòṣà. Wọ́n kó ońdè, ìfúnpá, àti ère jáde, wọ́n dáná sun wọ́n níta gbangba, wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Kò rọrùn o. Ẹni tó gbé ońdè jáde lójú ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ti sọ ohun tí ó jẹ́ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí àwa ṣe rí i, ẹ̀bi àti ìtìjú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀bi ni ohun tí ènìyàn ṣe. Ìtìjú ni ojú tí ayé fi ń wò ó. Ẹ̀bi ni àwọn ará Òkè-Oyè gbé wá, wọ́n sì gba ojútì ọjọ́ kan kí ẹ̀bi ogún ọdún lè kúrò lọ́rùn wọn. Ẹni tó ń gbàdúrà fún wọn, ìtìjú lòun ti jẹ láìṣẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù kò fi bà wọ́n láti sọ tiwọn níwájú rẹ̀.

Láti Iléṣà ó lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí Ọba Agúnsóyè ti gba ìgbàgbọ́, tó sì gba ìrìbọmi.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀wọ̀n dé. Ní oṣù kẹta ọdún 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ìwàásù rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́ ní Òtùó ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ máa ń fo apá yìí, àwa kò ní fò ó. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lóde òní pàápàá, a ti rí ìyá arúgbó tí wọ́n fi orúkọ yẹn dójú tì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè gbé orí sókè mọ́ ládùúgbò. Bí ẹnìkan bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ìyẹn ni ti Òkè-Oyè. Kí ẹlòmíràn na ìka sí i, ìyẹn yàtọ̀, kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àdúrà wa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀wọ̀n ń jẹ́. Ẹ ò ní gbàgbé pé nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n lè fi ẹ̀wọ̀n bàbá bú ọmọ, kí wọ́n tún fi bú ọmọ-ọmọ. Tí a bá ń wádìí ìdílé kí a tó fẹ́yàwó, ọ̀kan nínú ohun tí a máa ń bèèrè nìyẹn. Wèrè, ẹni tí ìjọ lé, ẹlẹ́wọ̀n: orúkọ mẹ́ta yìí ló ti wà lórí ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Jósẹ́fù inú Bíbélì, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ, mọ irú ilé yẹn.

Ó jáde, kò sá pamọ́. Ọkùnrin kan láti Creek Town ní ẹ̀bá Kàlàbá ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wàásù fún àwọn, ó sì lọ. Ní 1936 ó dé Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà báyìí. Nígbà tí ìjọ rẹ̀ di Christ Apostolic Church, tí ìjọba sì fi orúkọ náà sínú ìwé ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1943, òun ni Ajíhìnrere Àgbà. Ẹlẹ́wọ̀n Bìní ọjọ́sí ni àwọn ọba ń ránṣẹ́ pè.

Ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959 ló sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ, ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin ín sí. Ní Ìkéjì-Arákejì tí katakata ti dúró, ìjọ rẹ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní 2006, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Àwọn ìjọ wa tí wọ́n bá máa gba ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ padà sílé lẹ́yìn ayẹyẹ yìí, ẹ lè yà wò ó.